Ọ̀pá fáíbà mítà mẹ́rin yìí dáa o, àmọ́ ẹ má torí lébẹ́ẹ̀lì rà á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa ọ̀pá tuntun tí mo fi ń fò nínú eré pole vault, ìyẹn eré tá a ti ń gbé ọ̀pá sáré, tá a ń fi fò kọjá báà, ọ̀pá tó dábùú lókè, ó yá, mo ti lò ó dáadáa báyìí, mo lè sọ̀rọ̀. Ọ̀pá fáíbà (fiberglass) ni, gígùn ẹ̀ mítà 4.00, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ẹni kílò 60 ló wà fún. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é torí mo máa bú wọn láwọn ibì kan, mi ò sì fẹ́ wàhálà. Orúkọ wọn ò tiẹ̀ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ohun tójú mi rí lọ́dọ̀ ọ̀pá yìí lojú gbogbo obìnrin tó bá ń fi ọ̀pá fò ń rí, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá àti ẹni tó ti gba góòlù Òlíńpíìkì, gbogbo wọn ló ń bá ọ̀pá fa ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tó dáa ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá yìí ò sanra lọ́wọ́. Àwọn ọ̀pá àtijọ́ tá a bá nílẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù, ọkùnrin ọlọ́wọ́ ńlá nìkan ló jọ pé wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n, tí n bá di èyí tó nípọn níbẹ̀ mú, ọwọ́ mi kì í ká a tán, tí òógùn bá wá dé, ó di pé kí n máa fún un bí ẹni tó ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Eléyìí, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn lódì kejì. Ó sì fúyẹ́ níwájú. Ẹni tó bá ti gbé ọ̀pá sáré rí mọ̀ pé kì í ṣe ìwúwo ẹ̀ lápapọ̀ ló ń dáni lágara, bí orí ẹ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣe ń fà wálẹ̀ nígbà tó o bá ń sọ ọ́ kalẹ̀ bọ̀ ni ìṣòro, tó bá ti fà jù, èjìká á ti rẹ̀ kó o tó débi tó o máa ti gún un sínú kòtò ilẹ̀ tá a ń ti ìdí ọ̀pá bọ̀. Pẹ̀lú eléyìí mo máa ń dé etí kòtò tí agbára ṣì wà lápá mi, ìyẹn nìkan ti tó kí n fẹ́ràn ẹ̀.

Bó ṣe ń tẹ̀ náà wù mí. Kòtò tá a ń ti ọ̀pá bọ̀ yẹn ò jìn, sẹ̀ǹtímítà 20 péré ni ibi tó jìn jù níbẹ̀, tí ìdí ọ̀pá bá ti dún gbì lára ògiri ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kì í kọ́kọ́ ṣe agídí kó tó wá rọ̀ lójijì. Ó ń fún mi láyè kí n ju ẹsẹ̀ sókè, kí n dorí kodò, kó tó na ara ẹ̀ padà. Mo ti lo ọ̀pá kan rí tó jẹ́ pé bó ṣe ń tẹ̀ tán ló ń ta padà, ìdí mi ò tíì kúrò nílẹ̀ dáadáa tó fi ti jù mí dà nù, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ irú ìyẹn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò fò rí, ẹ jẹ́ n là á díẹ̀. Ọ̀pá ò ń gbé ẹnikẹ́ni sókè fúnra ẹ̀. Eré tó o sá ló ń wọ inú ẹ̀, ó tẹ̀, ó gba agbára eré yẹn mọ́ra, ó wá ń dá a padà fún ẹ nígbà tó bá ń nà. Tí o ò bá sáré, kò ní nǹkan tó máa dá padà. Torí náà ọ̀pá tó bá le ju eré ẹ lọ á kọ̀, kò ní dé ìnàró, á tì ẹ́ padà síbi tó o ti sáré wá, ibẹ̀ ló sì léwu jù torí kò sí fóòmù tá a ń bọ́ lé níbẹ̀. Èyí tó bá rọ̀ jù ẹ́ lọ ńkọ́? Á tẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, á yára gbé ẹ lọ lu báà kí ẹsẹ̀ ẹ tó gòkè tán. Àárín méjèèjì yẹn la wà lójoojúmọ́. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé àárín yẹn kì í dúró sójú kan: tí o bá yára sí i díẹ̀, tí o bá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ lórí ọ̀pá, tí ara ẹ bá le sí i, ọ̀pá tó dáa fún ẹ lóṣù tó kọjá ti rọ̀ jù fún ẹ nìyẹn.

Ó yá, ibi tí mo ti fẹ́ bú wọn dé. Lébẹ́ẹ̀lì. Wọ́n kọ kílò 60, wọ́n kọ mítà 4.00, ó parí. Nọ́ńbà flex dà? Ọ̀pá méjì lè jọ jẹ́ kílò 60 kí ọ̀kan le ju èkejì lọ fíìfíì. Bí wọ́n ṣe ń wọn líle ọ̀pá ni pé wọ́n á gbé orí àti ìdí ẹ̀ lé nǹkan, wọ́n á so ẹrù mọ́ ọn láàárín, ẹrù páùn 50 ló wọ́pọ̀, ìyẹn bíi kílò 22.7, wọ́n á wá wo iye sẹ̀ǹtímítà tó fi tẹ̀ wálẹ̀. Iye yẹn ni flex. Tó bá kéré, ọ̀pá le, tó bá pọ̀, ó rọ̀. Kílò tẹ́ ẹ ń rí lára ọ̀pá kàn jẹ́ bí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe túmọ̀ líle yẹn sí ìwúwo èèyàn ni, oníkálukú ló ń túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wù ú. Èmi àti kóòṣì mi wọn eléyìí fúnra wa, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá kílò 60 ti ilé iṣẹ́ mìíràn tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, tuntun yìí rọ̀ jù ú lọ, kì í ṣe díẹ̀. Ká ní kílò 57 ni wọ́n kọ sí i ni, kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Mo kọ̀wé sí wọn, ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn, wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó sì bá èyí tá a wọ̀n mu. Ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá ti ní i lọ́wọ́, kí ló ń dùn yín tẹ́ ò fi lè kọ ọ́ sára ọ̀pá?

Mi ò bínú lásán o. Láwọn ilé ìwé girama Amẹ́ríkà, òfin wọn ni pé ìwúwo akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́dọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sára ọ̀pá lọ, nọ́ńbà tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì ló ń sọ bóyá ọmọ náà á fò tàbí kò ní fò lọ́jọ́ yẹn. Òfin àgbáyé tiẹ̀ tún fẹ̀ ju ìyẹn lọ, àjọ World Athletics ò bìkítà ohun tẹ́ ẹ fi ṣe ọ̀pá yín, bó ṣe gùn tó àti bó ṣe nípọn tó, kó ṣáà ti máa dán lára. Òmìnira yẹn dáa, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé orí ẹni tó ń rà á ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá wa, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ohun tí mò ń sọ yìí kedere. Yelena Isinbayeva, ọmọ Volgograd ní Rọ́ṣíà, jìmínásíìkì ló kọ́ láti kékeré, ó ga jù fún un, wọ́n ní kó máa lọ, ló bá gbé ọ̀pá lọ́mọ ọdún 15. Lọ́dún 1998 ó fò 4.00 níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní Moscow, ó gba góòlù. Lọ́dún 2003 ó fò 4.82 ní Gateshead, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́. July 2005 ní London, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó fò mítà 5.00, ọjọ́ yẹn kan náà ló kọ́kọ́ fò 4.96. Ó wá dé 5.06 ní Zürich ní August 2009, títí dòní kò sẹ́ni tó tíì kọjá ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ti 4.00 dé 5.06 pẹ̀lú ọ̀pá kan náà, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo sẹ̀ǹtímítà yẹn, ara ló ń le, eré ló ń yá, ọ̀pá ló ń le tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ka rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ ń ka gíga báà, èmi ń ro iye ọ̀pá tó ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ sì wo bó ṣe jẹ́ pé inú eré mìíràn ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Emma George ará Ọsirélíà, sáàkọ́ọ̀sì ló ti ń ta okítì láti kékeré kó tó wá ń fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé léraléra. Stacy Dragila ará Amẹ́ríkà, eré méje lápapọ̀ ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, kékeré ẹ̀ tún ń lé ewúrẹ́ mú ní ródíò, ẹ ò gbọ́ mi ní, ewúrẹ́! Òun ló gba góòlù ìdíje àgbáyé ìta gbangba àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún obìnrin ní Seville lọ́dún 1999, tó tún gba Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ ní Sydney lọ́dún 2000, 4.60 nígbà méjèèjì. Kò yà mí lẹ́nu pé ibòmíràn ni wọ́n ti wá, eré yìí ò tíì pẹ́ fún obìnrin rárá, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé wa tí wọ́n kọ́kọ́ kà, 4.05 tí Sun Caiyun ará Ṣáínà fò lọ́dún 1992 ni. Àwọn ọkùnrin ti kọjá oparun àti irin nígbà yẹn, fáíbà ti gba gbogbo ilẹ̀, torí náà gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé obìnrin tí wọ́n kà, orí fáíbà ló wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀pá mi. Rọ́bà ìdí ẹ̀ dé mi lọ́wọ́ tí kò fún mọ́ ọn, mo ní láti fi téèpù wé e kó tó dúró, ohun tí wọ́n lè ṣe dáadáa ní ilé iṣẹ́ kó tó jáde. Àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún ń yọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi tó ga, téèpù ló máa gbà á. Mo máa ń wé téèpù ní ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo tún ń fi òmíràn dábùú ẹ̀, mo sì ń fi ẹfun sọ́wọ́, ó tán. Ohun tí wọn ò kọ́ yín nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ mọ́ ọn (ìwé náà kéré, àwòrán ló pọ̀ níbẹ̀) ni pé ọ̀pá ní ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ tẹ̀ sí. Ẹ gbé e lé nǹkan méjì, ẹ tì í kó yí, ó máa dúró síbi kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ fi téèpù pélébé sàmì síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa wà ní ibì kan náà nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gún un. Tí mo bá gún tèmi láìwo àmì yẹn, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára kí n tó kúrò nílẹ̀, ó ń fẹ́ lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé fáíbà máa kán. Ó lè kán o, kí n má parọ́. Sandi Morris ará Amẹ́ríkà, ní Ostrava lọ́dún 2016, ọ̀pá ẹ̀ kán, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ fọ́. Ọdún yẹn kan náà ló gba fàdákà Òlíńpíìkì ní Rio pẹ̀lú 4.85, ó tún fò 5.00 ní Brussels lóṣù kẹsàn-án, ẹ̀rù ò ba obìnrin yẹn rárá. Holly Bradshaw ará Gẹ̀ẹ́sì, tó gba idẹ Òlíńpíìkì ní Tokyo, ọ̀pá ẹ̀ kán sí i lọ́wọ́ ní Eugene lọ́dún 2022, ó fara pa, ó ní láti jáwọ́ nínú ìdíje náà. Òfin ní tí ọ̀pá bá kán nígbà tó o ń fò, wọn ò ní kà á sí ìkùnà, wọ́n máa jẹ́ kó o tún fò, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọ̀pá ẹ fò láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ. Àmọ́ ìyẹn ò ní wo ọwọ́ tó ti fọ́ sàn. Bí ọ̀pá ṣe máa ń kán jù ni pé ojú ọgbẹ́ kékeré kan ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan fi bàtà eré onííṣó tẹ̀ ẹ́, tàbí wọ́n jẹ́ kó bọ́ lu nǹkan líle lẹ́yìn tí wọ́n fò tán. Torí náà, kí n tó fò, mo máa ń fi orí ìka ra á láti òkè dé ìdí, mi ò wo ojú, ìka ló ń mọ̀. Mo sì máa ń bẹ ẹnì kan kó bá mi gbá a mú nígbà tó bá ń padà bọ̀, dípò kó wó lulẹ̀. Ní tréníìnì o, níbi ìdíje wọn ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án tó bá ń wó lọ sọ́dọ̀ báà. Eléyìí, lẹ́yìn gbogbo lílò, kò tíì ní ojú ọgbẹ́ kankan. Mo gbé òṣùbà fún wọn lórí ìyẹn, ara fáíbà ẹ̀ nípọn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kó o ránṣẹ́, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Paipu tí wọ́n kó o sí dáa, ìdérí ẹ̀ ti ṣí kó tó dé, ọ̀pá ò ní nǹkan kan. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbé e rìnrìn àjò, ẹ gbọ́ ti Fabiana Murer ará Bùràsíìlì. Ní Beijing lọ́dún 2008, láàárín ìdíje àṣekágbá Òlíńpíìkì, ọ̀pá ẹ̀ kan poora. Ó wá a tì, ó ń bá àwọn olóòtú jà, kò sí. Kì í ṣe pé ó lè yá tẹlòmíràn kó sì fò bíi ti ẹ̀, èyí tó sọnù yẹn ló bá gíga tó kàn mu, òmíràn á le jù tàbí kó rọ̀ jù. Ó parí sí ipò kẹwàá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ní Daegu, ó gba góòlù àgbáyé pẹ̀lú 4.85, ó padà sí Beijing lọ́dún 2015, ó gba fàdákà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yẹn, mo rò pé ẹkún ọ̀pá kan ló ń sun. Báyìí tí mo ti ní ọ̀pá tó ń tẹ̀ lé ara wọn, mo mọ̀ pé odindi àtẹ̀gùn kan ló yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ìdí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé "ọ̀pá tó dáa jù" nìyẹn. Kò sí irú ẹ̀. Ọ̀pá tó bá ẹ mu lónìí nìkan ló wà. Ẹ rántí Katie Moon ará Amẹ́ríkà àti Nina Kennedy ará Ọsirélíà níbi ìdíje àgbáyé ní Budapest lọ́dún 2023, àwọn méjèèjì fò 4.90, wọ́n kùnà 4.95, wọ́n sì gbà kí wọ́n jọ pín góòlù. Ariwo pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ní ojo ni wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n fò títí tí ẹnì kan á fi borí. Èmi ò bá wọn pariwo. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀ ẹ́, ọ̀pá tó le tó o gbé lọ́wọ́ yẹn, o ò ní eré tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́, á tì ẹ́ padà. Ẹni tó ń pariwo, kó gbé ọ̀pá, kó sáré, kó wá. Kennedy gba góòlù Òlíńpíìkì ní Paris lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 4.90, Moon gba fàdákà, Moon tún gba góòlù àgbáyé ní Tokyo lọ́dún 2025, 4.90 náà ni. Wọn ò pàdánù nǹkan kan.

Ta ló yẹ kó ra eléyìí? Obìnrin tó wọn bíi kílò 50 sí 56, tó ń fò 3.00 sí 3.60, tó ti mọ bó ṣe ń gún ọ̀pá láìṣe agídí. Tí o bá wúwo tó kílò 60 gẹ́gẹ́ bí lébẹ́ẹ̀lì ṣe sọ, má dán an wò, ó máa tẹ̀ jù lábẹ́ ẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó ṣì máa lo èyí tó kúrú, 3.40 tàbí bẹ́ẹ̀, gígùn tó bá pọ̀ jù ń fi ìwà burúkú kọ́ni, ọmọ á máa sá fún kòtò. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ má ra ẹyọ kan, tápò bá gbà á. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní èyí tó tẹ̀ lé e, tó le díẹ̀ sí i, gígùn kan náà, kẹ́ ẹ máa gbé méjèèjì lọ síbi tréníìnì. Ọjọ́ tí èyí tó rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé yín lu báà, èkejì á ti wà nílẹ̀, ẹ ò ní máa dúró de ọkọ̀ òkun.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ìdajì fún lébẹ́ẹ̀lì, mo yọ ìdajì yòókù fún rọ́bà ìdí ẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá eléyìí báyìí, ó ń kánjú mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì ti ní kí wọ́n ṣe òmíràn fún mi, mítà 4.00 náà, èyí tó le jù ú lọ. Mo ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà flex ẹ̀ sára ọ̀pá tàbí kí wọ́n dá owó mi padà, wọ́n ní àwọn máa kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba èyí àtijọ́ lọ́wọ́ mi, kó wá, àmọ́ kó wá pẹ̀lú kóòṣì ẹ̀, mi ò ní gbé ọ̀pá fún ẹni tí mi ò tíì rí bó ṣe ń sáré.